Iṣẹ́ Wo Ni Ife Kọfí Yẹn Ń Bá Yín Ṣe?

Fún bí ọdún méjì, kò sí Sátidé kan tí orí kì í fọ́ mi. Á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́yìn ojú méjèèjì, á sì máa lù kìkì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo lo oògùn ibà sí i, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ariwo òde àríyá. Mo pààrọ̀ awò ojú mi. Ìgbà tó yá ni nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Kí lẹ máa ń mu níbi iṣẹ́ tí ẹ kì í mu nílé?" Mo ronú, mo tún un rò. Kọfí ni. Ife mẹ́rin lójúmọ́, láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, torí pé agolo kọfí àti kẹ́tùlù omi gbígbóná kò jìnnà sí tábìlì mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo máa ń mu nílé, n kì í rántí kọfí rárá. Orí mi ni kì í gbàgbé.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí a yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ ọ́ lọ́kàn yín pé kọfí tí ẹ ń mu ti ń pọ̀ jù, tí ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. N kò wá bú kọfí. Àwọn olùwádìí tó ti tọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn fún ọdún gbọọrọ rí i pé àwọn tó ń mu ún níwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í sábà ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti àrùn ẹ̀dọ̀ tó àwọn tí kì í mu ún. Kì í ṣe májèlé. Ohun tó ń kó wa sí wàhálà ni pé a máa ń gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un: iṣẹ́ oorun, iṣẹ́ oúnjẹ, iṣẹ́ omi, nígbà míì iṣẹ́ ọ̀rẹ́ pàápàá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ife rẹ̀ ń ṣe ló lè rí nǹkan mìíràn gbé iṣẹ́ náà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ife. Orúkọ rẹ̀ ni kaféènì. Friedlieb Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lára èso kọfí lọ́dún 1819. Igi kọfí kò tìtorí wa ṣe é. Kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń fi í lé. Kì í sì í ṣe kọfí nìkan ló ní in. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ohun ọ̀gbìn márùn-ún ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́: kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì. Nínú márààrún, kajú nìkan ni kò ní kaféènì. Nítorí náà, awakọ̀ tó ń jẹ obì gbànja kó má baà sùn lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin àti akọ̀wé tó di ife kọfí mú nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo mọ ẹni tó fi kọfí sílẹ̀ tó bọ́ sórí obì, tó wá ń ṣe kàyéfì pé oorun òun kò tún ṣe. Kọfí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò lápá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín lágbègbè Kabba, ó sì wà nínú oko àwọn ará Èkìtì kan. Irú tí wọ́n ń pè ní robusta ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń gbìn, kaféènì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica.

Báwo ló ṣe ń lé oorun? Ẹ fojú inú wo dánfó kan ní Ọ̀jọ́tà. Láti ìgbà tí ẹ bá ti lajú láàárọ̀, bí ọpọlọ yín ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹ kà á sí èrò ọkọ̀. Bí àwọn èrò yìí bá ti wọlé tí wọ́n jókòó sórí àga wọn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ojú á máa pa dé. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń gbọ́ pé ó ti rẹ òun nìyẹn. Kaféènì jọ èrò yìí débi pé àga rẹ̀ gbà á. Á sáré wọlé, á jókòó sáyè onítọ̀hún, àmọ́ kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán onítọ̀hún. Ọkọ̀ kún, ìròyìn àárẹ̀ kò dé. Àwọn èrò gidi kò padà sílé o. Ibùdókọ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí kaféènì bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo wọn á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú máa kún fún oorun ní aago kan sí méjì ọ̀sán, tí ọwọ́ fi ń wá ife mìíràn. Ẹ ò rí i pé kọfí kò fún yín lágbára kankan. Ẹni tó fẹ́ wá jíṣẹ́ àárẹ̀ fún yín ló dí lọ́nà.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa dánfó yìí ni pé onímọ́tò kò gọ̀. Bó bá rí i lójoojúmọ́ pé àga kò tó èrò, á kan àga kún àga. Ohun tí ọpọlọ ẹni tó ń mu kọfí púpọ̀ máa ń ṣe nìyẹn: á fi àyè ìjókòó kún ti tẹ́lẹ̀. Ìdí rèé tí ife kan tó ń múni ta kébékébé lọ́dún àkọ́kọ́ kì í fi í ran nǹkan mọ́ nígbà tó bá yá, tó fi di méjì, tí méjì fi di mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ tí kaféènì kò bá wá rárá, bíi Sátidé tèmi yẹn, àga rẹpẹtẹ ló ṣófo, èrò rẹpẹtẹ ló sì jókòó. Adẹnosíìnì a máa fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí, kaféènì ló ti ń fún wọn pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba inú iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀, orí á sì máa lù.

Ẹ̀fọ́rí yìí ní aago tirẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ó máa ń le jù láàárín wákàtí 20 sí 51, ó sì lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́sàn-án kó tó lọ pátápátá. Ó lè mú àárẹ̀ àti ìkanra dání, kí ọkàn má sì lè dúró sójú kan. Àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kà á mọ́ àìsàn tòótọ́ nínú ìwé wọn, DSM-5, tó jáde lọ́dún 2013, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Nígbà tí mo padà sí tèmi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo máa ń mu ife ìkẹyìn. Láti ìgbà yẹn sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé jẹ́ wákàtí 18. Ìṣirò náà pé, ó wá yé mi ìdí tí oògùn ibà kò fi ràn án.

Ẹ tún kíyè sí oògùn orí tí ẹ ń rà. Hóró Panadol Extra kan ní mílígíráàmù 65 kaféènì pẹ̀lú parasítámọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Lóòótọ́, á tètè mú ẹ̀fọ́rí kọfí rọlẹ̀, àmọ́ kaféènì tí ẹ ń lé jáde lójú ọ̀nà iwájú ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé yẹn. Bí ẹ bá nílò oògùn lásìkò tí ẹ ń dín kọfí kù, ẹ ka ara páálí rẹ̀, kí ẹ mú èyí tí kò ní kaféènì.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù. Lára ẹni tó dá ṣáṣá, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni ìdajì kaféènì máa ń lò kó tó kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ife aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní mílígíráàmù 100. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, 50 ṣì wà lára. Ní aago méjì òru, 25 ṣì ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: kọfí kì í dí yín lọ́wọ́ oorun. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn èèyàn ní mílígíráàmù 400 kaféènì nígbà tó ku wákàtí mẹ́fà kí wọ́n wọlé sùn. Oorun wọn fi ohun tó ju wákàtí kan lọ dín kù. Ẹni tó sun oorun àbọ̀ báyìí á jí ní aago márùn-ún, ojú rẹ̀ ò ní là, á sì na ọwọ́ sí agolo. Kọfí àná ló ń ránni lọ mu kọfí òní.

Ní ti àwọn míì, ó tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lápá ìparí oyún, wákàtí márùn-ún yẹn lè di 15. Obìnrin tó ń lo hóró ìfètò sọ́mọ bíbí, tirẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì. Ciprofloxacin, tí wọ́n máa ń kọ fún ibà táífọ́ọ̀dù, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ráyè fọ́ kaféènì bó ṣe yẹ. Sìgá ló ń mú kó yára kúrò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀ láìdín kọfí kù fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ á máa já, tí kò sì ní mọ ohun tó dé.

Èló ló wá pọ̀ jù? Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà àti EFSA ti Yúróòpù gbà pé àgbà tí ara rẹ̀ le lè gba tó mílígíráàmù 400 kaféènì lóòjọ́ láìsí ewu. Fún aláboyún, EFSA ní kó má kọjá 200. Kọfí tí wọ́n sẹ̀ láti ara èso lílọ̀, ife tó gba mílílítà 240, ní nǹkan bí 95. Kọfí ìyẹ̀fun inú agolo tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ní bí 60 fún ṣíbí tíì kan. Tíì dúdú ní bí 47, tíì aláwọ̀ ewé ní bí 28, agolo kóòkì ní bí 34. Agolo Red Bull kékeré ní 80. Kọfí tí wọ́n ní àwọn ti yọ kaféènì inú rẹ̀ pàápàá ṣì lè ní 2 sí 15. Ẹ má sì gbàgbé pé ife ẹnì kan kì í ṣe ife ẹnìkejì. Nígbà tí mo fi ìgò omi wọn ife ọ́fíìsì mi, mílílítà 350 ló gbà, ṣíbí méjì tó ga gegere ni mo sì ń dà sí i. Mo ti ń pe ife méjì ní ẹyọ kan láti ọjọ́ yìí wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má dín nǹkan kan kù. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Nígbàkúùgbà tí ọwọ́ yín bá ń lọ sídìí ife, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó ń ṣe yín gan-an: ṣé oorun ni, àbí ebi, àbí òùngbẹ, àbí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, àbí pé kọ̀ǹpútà ti sú yín, àbí pé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan. Ẹ kọ òótọ́, ẹlòmíràn ò ní kà á. Èyí ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tó bá fò ó yóò kàn máa bá ara rẹ̀ jà ni. Tèmi yà mí lẹ́nu. Ife aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ebi ni, torí mo ti kúrò nílé ní aago márùn-ún láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Ife aago mẹ́wàá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mò ń tìtorí wọn mu ún. Ìdí kẹ́tùlù la ti máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ ara wa. Ife aago kan ọ̀sán, oorun. Ife aago mẹ́rin, òtútù: tábìlì mi wà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù gan-an. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan péré ni mo ń mu nítorí oorun.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí dánfó yẹn: ẹ ní láti fún onímọ́tò láyè kó yọ àwọn àga tó kàn kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òwúrọ̀, torí ife ìrọ̀lẹ́ ló ń ba oorun jẹ́, oorun tó bá sì dára á mú kí ife òwúrọ̀ rọrùn láti dín kù. Ọ̀sẹ̀ kan fún ife kan tó. Ẹni tí kọfí ìyẹ̀fun ni tirẹ̀ ní àǹfààní kan tí oníkọfí sísẹ̀ kò ní: ṣíbí ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣíbí tó ga gegere, ẹ jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọjọ́ mẹ́rin; lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di àbọ̀ ṣíbí; lẹ́yìn náà, ẹ gbé nǹkan mìíràn sínú ife náà. Bí orí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹ ti yára jù nìyẹn. Ẹ dúró sójú kan fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó tún gbé ẹsẹ̀.

Ife òtútù ló rọrùn jù lọ láti rọ́pò, torí ooru nìkan ló ń wá. Atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, tí a fọ̀, tí a gún díẹ̀, tí a sè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbóná wọnú egungun ju kọfí lọ. Mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ nínú fúláàsìkì. Ewé tíì, èyí tí àwọn míì ń pè ní koóko ọba, wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé wa. Orúkọ rẹ̀ ni tíì, àmọ́ kò ní kaféènì rárá, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá. Iṣápá pupa tí à ń fi ṣe sóbò náà dára ní gbígbóná láìsí ṣúgà. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà níbí o. Ìwádìí fi hàn pé iṣápá máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Kí aláboyún yẹra fún un. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó béèrè nípa atalẹ̀. Nǹkan mímu lásán ni mo ń sọ, kì í ṣe àgbo, n kò sì ṣèlérí pé yóò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń tan wá jẹ. Lọ́dọ̀ wa, tíì ni gbogbo ohun tó bá gbóná nínú ife: Lipton, tíì, Milo, tíì, Bournvita, tíì. Kòkó ló wà nínú àwọn méjì ìkẹyìn yìí, kaféènì wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ṣúgà ti wà nínú wọn kí a tó tún da tiwa sí i. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé yóò dára kí ṣúgà àfikún tí àgbà ń jẹ lóòjọ́ má kọjá nǹkan bí gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Ife mẹ́ta tó ní ṣíbí méjìméjì ti gbé e tán, a ò tíì ka búrẹ́dì. Bí ẹ bá fẹ́ dín kọfí kù, ẹ má fi ṣúgà dípò rẹ̀.

Ní ti ife ebi, ibí yìí ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ jù wá lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Omi gbígbóná, mílíìkì àti ṣúgà kàn ń tan ikùn jẹ fún wákàtí kan ni. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ tó mọ́gbọ́n dání ni. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú èròjà tó ń mọ ara, tó wà nínú àgbàdo tàbí ọkà bàbà, máa ń bá èèrí lọ. Ẹ̀wà ló ń dá a padà. Ẹ̀kọ mímu lásán tó kún fún ṣúgà á dá yín sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ̀kọ tó ní àkàrà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbé yín dé ọ̀sán. Ẹni tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá nílé lè se ẹyin méjì lálẹ́, kó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kó jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan ní ìkóríta wa kí n tó wọkọ̀, mo sì máa ń gbé ẹ̀kọ sínú fúláàsìkì kejì.

Bí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tàbí ẹyin bá jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ yín, ẹ má fi kọfí tàbí tíì sìn ín. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1983, ife kọfí kan tí wọ́n mu pẹ̀lú oúnjẹ fi ìdá 39 nínú 100 dín èròjà áyọ́ọ̀nù tí ara rí gbà kù; ti tíì tó 64. Nígbà tí wọ́n mu kọfí ní wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, kò dín in kù. Áyọ́ọ̀nù yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn obìnrin wa tó ń ṣe nǹkan oṣù àti àwọn aláboyún ló sì nílò rẹ̀ jù. Ẹ fi ọsàn sin àkàrà dípò rẹ̀. Èròjà inú ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà.

Ife òùngbẹ kò gba àlàyé. Ara ti wà láìmu omi láti alẹ́. Ẹ mu ife omi kan tàbí méjì kí ẹ tó ro kọfí, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ṣì fẹ́ ẹ.

Ife oorun ló le. Ọpọlọ ní aago kan nínú rẹ̀ tó ń mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló sì fi ń tún un tò. Bí ẹ bá jáde síta lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, tí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó rí i pé ojú á là fúnra rẹ̀, lálẹ́ oorun á sì tètè kùn yín. Nílé, ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Dìsẹ́ńbà tí ilẹ̀ kì í mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ, ẹ lo àkókò ìsinmi àárọ̀ yín láti jáde, àní bí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ alẹ́ ni tiyín, ẹ mu ìwọ̀nba kọfí tí ẹ bá fẹ́ mu ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ má mu ún bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ, kí oorun ọ̀sán yín lè wọra.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ní Ìkòròdú kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé, tó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò fẹ́ gbọ́ pé àgbà nílò ó kéré tán wákàtí méje oorun. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ọ̀nà ìlú rí báyìí. Ṣùgbọ́n oorun ni gbèsè náà, oorun nìkan ló sì ń san án. Ẹ sùn nínú ọkọ̀ láìtijú. Ẹ gbé orí lé tábìlì fún ogún ìṣẹ́jú lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni mo fi rọ́pò ife aago kan mi, ó sì ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì Ramadan, kọfí, tíì àti obì tó dáwọ́ dúró lójijì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ife ọ̀sán ni kó kọ́kọ́ lọ, títí tí kò fi ní sí èyí tí ẹ nílò láàárín sààrì sí ìṣínu. Ohun kan náà ni fún ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì tí ẹ ń gba ààwẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí àyà bá ń já, bí ọkàn bá ń lù ségesège, bí oyún bá wà nínú, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ iye tí ẹ ń mu gan-an, kó sì jẹ́ iye tó wà nínú ìwé kékeré yẹn.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ife aago mẹ́rin ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà aago kan, lẹ́yìn náà aago mẹ́fà ààbọ̀. Ife aago mẹ́wàá ni mo dá sí. Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ síwájú rẹ̀ nínú ìwé, mo rí i pé iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbọ̀ ṣíbí ni mò ń dà sí i báyìí, lọ́jọ́ míì ewé tíì ni, kò sì sí ẹni tó ń wo inú ife mi. A ṣì máa ń dúró nídìí kẹ́tùlù, a ṣì máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ ara wa.